Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìkórè Ìjọ Wa: Ẹ Pa Gbèsè Ìyá Alákàrà Rẹ́

Ẹ̀yin Alága, ẹ̀yin Ìyá Ìkórè, akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ kú wàhálà ìpalẹ̀mọ́ ìkórè tọdún yìí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi ṣe akọ̀wé owó ìkórè nínú ìjọ yìí, láti 2005 dé 2012, kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì tí mo sì gbé bírò fún ẹni tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀rọ̀ gbèsè ìkórè tí à ń dá lé aláìní lórí, mo ti sọ ọ́ ní yàrá fẹ́sìtìrì lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnìkan nínú yín ní, "Bàbá, ẹ lọ kọ ọ́ wá, a ó jíròrò lé e lórí." Ó dáa. Mo ti kọ ọ́. Àmọ́ mo kọ ọ́ síta ni, torí mo mọ̀ pé ìjọ tiwa nìkan kọ́ ló ń ṣe é, mo sì mọ ohun tí à ń fi ìwé tí wọ́n bá kọ sí ìgbìmọ̀ ṣe. Èmi náà ti ti irú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ rí.

Ìwé kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nínú oṣù kejì, mo ń wá ìwé ilẹ̀ mi nínú àpótí onígi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni ọwọ́ mi bá ba ìwé àkọsílẹ̀ ìkórè àtijọ́, èyí tó yẹ kí n ti dá padà tipẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ pẹ́ nínú ìjọ á rántí rẹ̀: ìwé gígùn ẹlẹ́yìn pupa tí a rà ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n fa ìlà búlúù sí nínú. Ikán ti débẹ̀ kí n tó dé. Etí ọ̀tún, níbi tí a máa ń kọ iye owó sí, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ bọ̀ láàárín. Orúkọ oníkálukú wà lápá òsì bí mo ṣe kọ ọ́, kò sí ohun tó ṣe é. Iye tí wọ́n san ti di erùpẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ní kí ló dé. Mo ní Mátíù orí kẹfà ló dé. Níbi tí kòkòrò àti ìpáàrà ti ń ba nǹkan jẹ́, ibo la tún ń wá?

Mo tilẹ̀ rántí ọ̀kan nínú iye tí ikán jẹ. Lọ́dún 2008, ₦50,000 ló sọ arákùnrin kan di Alága Ìkórè. A fi ìlù pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a fi àga aláwọ̀ sí iwájú fún un. Nígbà yẹn, owó ọ̀hún tó ra àpò ìrẹsì bíi márùn-ún. Lónìí, bóyá ló lè ra ẹyọ kan.

Ẹ̀rín mi kò tọ́jọ́. Ojú ewé mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ìwé ni ikán kò tíì kàn, ibẹ̀ sì ni mo máa ń fi bírò pupa kọ orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ìkórè sí. Bí mo ṣe ṣí i, orúkọ Ìyá Alákàrà ni mo rí. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mo rí i: 2008, 2009, 2010, 2011, 2012. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkọ̀wé èmi gan-an ló wà níbẹ̀: "kò tíì san."

N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, ẹ̀yin kúkú mọ ẹni tí mò ń wí. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, opó ni. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì ń pọn àbígbẹ̀yìn wọn. Oríta tó kángun sí ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń dín àkàrà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ fọ́kanáísà, ó sì ju ọgbọ̀n ọdún lọ tó fi jókòó síbẹ̀. Kò mọ̀wé kà. Àmọ́ ní ayé ìgbà tó ń ṣe kíláàsì ìrìbọmi, wọ́n kọ́ wọn ní Sáàmù sórí, kò sì gbàgbé ọ̀kan. Sáàmù ọ̀hún ló ń lò bí aago. Mo fi ojú mi rí i. Á da ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo, á bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kẹtàlélógún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìgbé orí sókè, nígbà tó bá sì dé "ago mi sì kún àkúnwọ́sílẹ̀," á yí àkàrà padà. Ẹ̀gbẹ́ kejì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Sáàmù kẹtàdínlọ́gọ́fà, èyí tó kúrú jù nínú gbogbo wọn, ti tó o. Bí oníbàárà bá dé, á dá Sáàmù dúró, á ka owó, á fún un ní ṣéńjì, á tún padà sí ẹsẹ tó ti kúrò. N kò rí àkàrà tó jóná lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án Sátidé, tó bá ti fọ agbada tán, á wá gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan kò yàn án síṣẹ́ yẹn. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn agbálẹ̀ tí à ń fún lówó oṣù.

Lọ́dún 2009, ìyàwó mi wà nílé ìwòsàn fún ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Lójoojúmọ́, kí ó tó di aago méje, ọmọbìnrin Ìyá Alákàrà á kan ilẹ̀kùn mi, á gbé ògì gbígbóná àti àkàrà tí wọ́n fi bébà wé fún àwọn ọmọ mi. Nígbà tí ìyàwó mi padà délé, mo ká owó sínú àpò ìwé, mo lọ bá ìyá náà lóríta. Ó wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ gba èrè mi lọ́wọ́ mi ni?" Mo dá owó padà sápò. Ọdún yẹn gan-an, ní oṣù kọkànlá, ni mo fi bírò pupa kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, nítorí ₦2,000 tí a dá lé obìnrin kọ̀ọ̀kan lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yìí kà kí ẹ tó máa bá lẹ́tà yìí lọ. Èmi tí mo kọ ọ́ ti kà á títí.

Ẹ má sì rò pé ọwọ́ òfìfo ló máa ń gbé wá síbi ìkórè. Lọ́dún 2010, ó mú adìyẹ dúdú kan wá, tó fi àjákù ańkàrá so lẹ́sẹ̀. Adìyẹ ọ̀hún bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Sunday School, ó sá gba abẹ́ àga àwọn akọrin, gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. A mú un, a gbé e fún àwọn tó ń ṣe gbàǹjo. Alága ọdún yẹn na ọwọ́ sókè, ó ní ₦15,000. Ìlù sọ, ẹni tó ń darí ètò ní kí ìjọ ṣe hàlẹ́lúyà mẹ́ta fún un. Mo kọ ₦15,000 síwájú orúkọ Alága. Síwájú orúkọ ẹni tó ni adìyẹ, mo kọ "kò tíì san."

Ẹnìkan kò jalè o. Àwọn olùṣàyẹ̀wò owó yẹ ìwé wò lóṣù kìíní, wọ́n ní kọ́bọ̀ kan kò dínkù. Wọ́n yìn mí.

Lọ́dún 2012 ni ìgbìmọ̀ pinnu pé kí a máa ka orúkọ àwọn onígbèsè lẹ́yìn ìkéde, kí ojú lè ti wọ́n díẹ̀. Èmi ni mo kà á. Ọwọ̀ọ́ kẹta láti ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ni Ìyá Alákàrà jókòó sí. Nígbà tí mo dé orí orúkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí rò pé nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Mo ka orúkọ tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, kò tún wá sí ìsìn ìkórè mọ́ títí tó fi kú. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìkórè lọ́dọọdún, á wá gbálẹ̀, á tún nu àwọn àga iwájú tí a kọ orúkọ àwọn àlejò pàtàkì sí.

Lásìkò òjò ọdún tó kọjá, ó kú. Ẹ̀yin lẹ wà lórí àga nígbà yẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá fi tó yín létí, ẹ sì ṣí ìwé tuntun, èyí tí ẹ da tèmi kọ sí nígbà tí mo gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ro gbèsè náà pọ̀ láti 2008 dé ọdún tó kú. Ó jẹ́ ₦46,500. Ẹ ní bí wọn kò bá san án, àlùfáà kò ní wọ aṣọ fún ìsìnkú rẹ̀, agogo kò ní dún. Àwọn ọmọ yá owó, wọ́n san. Wọ́n gba rìsíìtì. Mo ti rí rìsíìtì ọ̀hún.

Níbi ìsìnkú, a wàásù pé ìyá yìí ti to ìṣúra rẹ̀ jọ sí ọ̀run níbi tí olè kì í dé. Ìwàásù náà dára, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tó máa ń kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́sí, yíjú, ó wò mí. N kò mọ ibi tí n máa wò.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, torí ẹnu mi ni ẹ ti kọ́ ọ: "Owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìnrere." N kò bá yín jiyàn. Èmi tí mo ti san owó dísù jẹnẹrétọ̀, owó páànù, owó oṣù olórin àti ti ọlọ́dẹ, mo mọ̀ pé àdúrà kì í di páànù tó ń jò. Àlùfáà náà ní ẹnu, ó sì ní ọmọ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kẹ̀kẹ́, gígùn ló ń gùn ún. Àwa ti gbé kẹ̀kẹ́ rù, a wá ń fi ẹsẹ̀ rìn lábẹ́ rẹ̀, bí ẹnìkan bá sì bi wá pé ibo là ń lọ, a ó ní kí ó kọ́kọ́ bá wa gbé táyà ẹ̀yìn.

Ohun tí ìkórè jẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá mi dàgbà rántí rẹ̀. Ìrèké la máa ń so mọ́ òpó ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, elégédé á wà lábẹ́ àga ìwàásù, òórùn iṣu tuntun àti àgbàdo á gba inú ilé. Ẹni tó ní oko mú èso oko wá, ẹni tó ní ẹyin méjì gbé ẹyin méjì. N kò rántí pé wọ́n ka orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kà á, mo kéré, ìrèké ni mò ń wò.

Ẹ tún máa ń mẹ́nu ba opó tó ju owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí. Máàkù orí kejìlá, láti ẹsẹ kọkànlélógójì. Ní gbogbo ọdún mẹ́jọ tí mo fi wà ní ìgbìmọ̀, kò sí ìkórè kan tí a kò fi í wàásù, pàápàá kí àpò ìwé tó lọ káàkiri. Ẹ ṣáà rí i: obìnrin tí kò ní nǹkan fún Ọlọ́run ní gbogbo ohun tó ní, ìwọ tí o ní mọ́tò ńkọ́? Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi ṣí Bíbélì wò ó mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú yẹn ni mo ṣí i, tí mo sì ṣe ohun tí akọ̀wé owó máa ń ṣe: mo wo ohun tó wà lókè, mo wo ohun tó wà nísàlẹ̀.

Lókè, láti ẹsẹ kejìdínlógójì dé ẹsẹ ogójì, èyí tó ṣáájú ìtàn opó gẹ́lẹ́, Jésù ń bá àwọn akọ̀wé wí. Akọ̀wé! Àwọn amòfin ló ń bá wí o, mo mọ̀, kì í ṣe akọ̀wé owó. Síbẹ̀ orúkọ náà gbá mi láyà. Ó ní wọ́n fẹ́ràn àga ipò ọlá nínú sínágọ́gù àti ipò ọlá níbi àsè, wọ́n sì ń jẹ ilé àwọn opó run, wọ́n ń gba àdúrà gígùn fún àṣehàn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó sọ ìyẹn tán ló jókòó kọjú sí àpótí ìṣúra, tí opó kan sì wọlé. Wọ́n ti jẹ ilé rẹ̀. Owó méjì ló kù. Ó gbé e wá fún wọn.

Nísàlẹ̀, ní ẹsẹ kìíní orí kẹtàlá, bí wọ́n ṣe ń jáde kúrò ní tẹ́ńpìlì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní kí Olùkọ́ wá wo irú òkúta ńlá àti irú ilé ńlá tí wọ́n fi owó kọ́. Jésù dá a lóhùn pé òkúta kan kò ní kù lórí èkejì tí a kò ní wó lulẹ̀. Ní ọdún 70, àwọn ọmọ ogun Róòmù tí Titus jẹ́ olórí wọn wó tẹ́ńpìlì náà, wọ́n sì jó o. Ilé tí owó opó yẹn lọ sí ló jóná.

Ẹ fi ojú akọ̀wé wò ó pẹ̀lú mi. Jésù kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ ṣe bíi ti obìnrin yẹn. Kò ní kí wọ́n máa fi ìtàn rẹ̀ gba owó. Ó pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n wá wò ó, torí wọn kò rí i. Àwọn olówó tó ń da owó púpọ̀ sínú àpótí ni wọ́n ń wò. Ìwé àwọn Júù sọ pé àpótí mẹ́tàlá ló wà nínú tẹ́ńpìlì náà, ẹnu wọn rí bíi ti fèrè ìwo. Ẹ ro ariwo tí fàdákà ọlọ́rọ̀ á máa pa bó bá ń yí wọlé níbẹ̀, kí ẹ wá ro ti owó wẹ́wẹ́ méjì. Jésù ló gbọ́ ọ. Ohun tí mo rò pé ọ̀rọ̀ náà dá lé nìyẹn: ẹni tí Olúwa ń kà ni ẹni tí ìwé wa kọ "kò tíì san" síwájú orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀, kí àwọn àlùfáà tọ́ mi sọ́nà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ẹsẹ ogójì sílẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣe é.

Nǹkan kan wà nínú Mátíù orí kẹfà tí mo máa ń kà kọjá. Ẹsẹ kọkànlélógún. Mo rò pé ó sọ pé ibi tí ọkàn ẹni bá wà ni ìṣúra ẹni máa wà. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní níbi tí ìṣúra yín bá wà, ibẹ̀ ni ọkàn yín yóò wà pẹ̀lú. Ìṣúra ló ń lọ ṣáájú, ọkàn ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ajá. Ní gbogbo ọjọ́ ìkórè mẹ́jọ tí mo fi ṣe akọ̀wé, n kò gbọ́ ìwàásù kan parí. Mo wà ní fẹ́sìtìrì, mò ń fi rọ́bà di náírà ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, mò ń lá ìka. Bí wọ́n bá ń kọrin lóde, mo kàn ń dúró kí ariwo rọlẹ̀ kí n má baà ṣi owó kà. Ọlọ́run gbọ́, inú mi máa ń dùn níbẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ìṣúra wà nínú ìwé ẹlẹ́yìn pupa, ọkàn mi sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé láìsí irú ètò yìí ìjọ á kú. Ìbàdàn la wà. Lọ́dún 1853 ni David Hinderer, míṣọ́nnárì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1860, tí àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà tó gba Abẹ́òkúta lọ sí etíkun dí. Owó kò rí ọ̀nà wọlé láti òkè òkun, ẹrù kò rí ọ̀nà wọlé. Wọ́n ń ta ohun ìní wọn kí àwọn àti àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè rí oúnjẹ jẹ. Ìgbà tí ìjọ Ọlọ́run nílùú yìí tòṣì jù nìyẹn, kò sí alága, kò sí gbàǹjo, bí ẹ bá sì gba Kúdẹtì kọjá lọ́jọ́ Sunday yìí, ẹ ó gbọ́ orin.

Ẹ sì wo ti Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ọmọ iṣẹ́ ìjọba ni lọ́dún 1928. Ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ ọ̀nà ló ń wà fún P.W.D., ẹ̀ka ìjọba tó ń la ọ̀nà, irú iṣẹ́ tí gbogbo ìdílé máa ń fi yangàn láyé ìgbà yẹn. Lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkéjì-Arákejì, ìpè dé bá a, ó sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, èrò ń wọ́ lọ bá a ní Iléṣà láti ibi gbogbo, wọ́n gbé omi sínú ìkòkò àti kèrègbè kí ó lè gbàdúrà sí i. Àwọn tó mú omi lọ, ta ló bi wọ́n pé èló ni wọ́n jẹ? Lónìí, yunifásítì kan wà ní Ìkéjì-Arákejì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ. Ẹ̀rọ ìjọba yẹn, n kò mọ ẹni tó lè sọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Mo mọ̀ pé òṣì kì í ṣe ìwà mímọ́. Mo ti tòṣì rí, kò sọ mí di ẹni mímọ́; ìlara ló kọ́ mi. Àwọn olówó inú ìjọ wa náà kì í ṣe ọ̀tá mi. Arákùnrin ₦50,000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ ọmọ ló rán níwèé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi nìkan ni mo mọ̀ torí èmi ló máa ń fi owó náà rán. Ìyẹn náà kò sí nínú ìwé. Ó ṣe mí ní kàyéfì pé ohun rere jùlọ tí àwọn èèyàn ìjọ yìí ṣe, olówó àti aláìní, kò sí ọ̀kan tí mo kọ sílẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ yé ka iye owó sétí ìjọ, ẹ yé ka orúkọ onígbèsè. Ẹni tó bá fẹ́ fún Olúwa ní mílíọ̀nù kan, kó fi sínú àpò ìwé bíi ti gbogbo èèyàn, a ó kà á ní fẹ́sìtìrì, a ó dúpẹ́, a ó sì lọ tún páànù ṣe. Ẹ má dá iye kan lé opó lórí mọ́. Bí ẹnìkan bá mú adìyẹ wá, tí a sì tà á ní gbàǹjo, ẹ kọ owó rẹ̀ sí orúkọ ẹni tó mú adìyẹ wá. Ní ti òkú, mo bẹ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má gba gbèsè lọ́wọ́ òkú mọ́. Ẹ lè sọ pé bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ owó ìkórè á wálẹ̀. Á wálẹ̀. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Yóò wálẹ̀ gan-an lọ́dún àkọ́kọ́. A ó fara dà á. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ atútù dúró dè wá, fèrèsé wà.

Ìwé ẹlẹ́yìn pupa ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi bírò dúdú fa igi lé orúkọ mẹ́tàdínlógójì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pè mí sí ìgbìmọ̀ ìbáwí, ẹ mọ ilé mi. Ìwé tuntun tó wà lọ́wọ́ yín ni n kò lè fa igi sí, ẹ̀yin lẹ ni ìyẹn.

Ó wá ku ₦46,500. Mo ti gbé ₦10,000 sínú àpò ìwé, iye tó jẹ́ ti ọdún márùn-ún tí èmi fi bírò pupa kọ. Ó wà lọ́wọ́ akápò láti àárọ̀ Wẹ́sìdeè. Ẹ̀yin náà ẹ fi ìyókù kún un. Ẹ má pe àwọn ọmọ náà jáde níwájú ìjọ láti gbé e fún wọn, ẹ má ya fọ́tò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń dín àkàrà lóríta yẹn báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́kanáísà. Kí ẹnìkan nínú yín kàn gbé e lọ bá a láàárọ̀, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, torí bí ẹ̀wà bá ti tán, kì í jókòó. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kó yí àkàrà padà kí ẹ tó kí i.

Èmi ni, akọ̀wé owó yín àtijọ́.